Ímeèlì tí a gbàgbé kì í dúró deni

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1989, ó ku ọjọ́ kan péré kí Ronald Reagan fi ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní White House. Lára ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ kí àwọn tuntun tó wọlé ni téèpù kọ̀ǹpútà tí ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wà lórí rẹ̀. Lójú ìjọba, ímeèlì kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù: a sọ ọ́, a gbọ́ ọ, ó parí. Akọ̀ròyìn kan, Scott Armstrong, àti àjọ aládàáni tó dá sílẹ̀, National Security Archive, gbọ́ sí i, wọ́n sì sáré gba ilé ẹjọ́ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, adájọ́ Barrington Parker ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan téèpù kankan.

Ohun tó lé wọn débẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ ìwé lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, àṣírí tú pé àwọn èèyàn inú ìjọba ń ta ohun ìjà fún Iran lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi lára owó rẹ̀ ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ Nicaragua lọ́wọ́. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, John Poindexter àti Oliver North, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pa ímeèlì wọn rẹ́. Ti Poindexter nìkan lé ní 5,000. Wọ́n rò pé ó tán. Ohun tí wọn kò rántí ni pé ètò kọ̀ǹpútà náà máa ń da ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sórí téèpù, bí àgbẹ̀ ṣe ń ya irúgbìn sọ́tọ̀. Inú téèpù yẹn ni àwọn olùwádìí ti rí ọ̀rọ̀ náà kà.

Ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 1993 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ohun méjì tí àwọn tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ kò gbàgbé títí dòní. Àkọ́kọ́ ni pé ímeèlì iṣẹ́ ìjọba, àkọsílẹ̀ ìjọba ni. Èkejì ló jinlẹ̀ jù lójú tèmi: pé títẹ ímeèlì sórí ìwé kò tó, nítorí ìwé tí a tẹ̀ lè má sọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn àti ìgbà tí ó dé ibẹ̀. Bí ìbéèrè bá sì di "ta ló mọ̀, ìgbà wo ló mọ̀?", ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà.

Ìdájọ́ kan kì í yí ìwà padà lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, nígbà tí àwọn oníròyìn béèrè ímeèlì Sarah Palin láti ìgbà tó fi jẹ́ gómìnà Alaska, ojú ìwé 24,199 tí a tẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà kó lé wọn lọ́wọ́. Àwọn oníròyìn wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Juneau, wọ́n gbé páálí ìwé, wọ́n wá ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan padà sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè rí ọ̀rọ̀ wá nínú rẹ̀. Ohun tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, tó ti ṣeé wá, ni wọ́n sọ di òkú ìwé kí wọ́n tó tún jí i dìde, ọ̀pọ̀ nǹkan sì ti já bọ́ lọ́nà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyí. Lẹ́tà orí ìwé mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ìgbàgbé. Ẹnì kan lè ju ìdì lẹ́tà sínú àpótí, kó ti àpótí bọ abẹ́ ibùsùn, kó kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbé àpótí náà láti ilé dé ilé láìṣí i wò. Lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, ẹnì kan á ṣí i, á fẹ́ eruku orí rẹ̀ kúrò, á sì kà á. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn òpìtàn mọ̀ nípa ohun tó wà lọ́kàn àwọn ará ìgbàanì, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Kò sí ẹni tó tọ́jú lẹ́tà náà. Wọn ò kàn dà á nù ni.

Ímeèlì kò ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ó ti lọ. Pásíwọ́ọ̀dù á bá ẹni tó ni ín wọ ibojì. Ilé iṣẹ́ á pa àkáǹtì òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì rẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń gbé ímeèlì á kógbá sílé. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì aládàáni tí ẹni tó ni ín kò bá yọjú sí fún ọdún méjì rẹ́, tòun ti ímeèlì inú rẹ̀. Ìdí ààbò ni wọ́n sọ pé ó fà á, ìdí náà sì mọ́gbọ́n dání, nítorí àkáǹtì tí kò lólùṣọ́ ni àwọn olè máa ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé mìíràn, ọdún méjì kò tó kí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀, ká má tíì sọ pé kí wọ́n ráyè ronú nípa lẹ́tà tí òkú fi sílẹ̀.

Kí ni àwọn ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ tiẹ̀ ń pa mọ́ gan-an? Ohun tí à ń rí lójú ẹ̀rọ, orúkọ ẹni tó kọ̀wé àti ọ̀rọ̀ tó kọ, kì í ṣe gbogbo ímeèlì. Lókè ọ̀rọ̀ náà, níbi tí ojú wa kì í sábà dé, ìlà pọ̀ níbẹ̀: nọ́ńbà tí ímeèlì náà ń jẹ́, nọ́ńbà èyí tó ń fèsì sí, àti òǹtẹ̀ tí sáfà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ímeèlì kiri, lù ú bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Àwọn ìlà wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí èèyàn lè to ìjíròrò ẹni mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn ogún ọdún. Àwọn náà ló ń jẹ́ ká fura bí ẹnì kan bá gbé ayédèrú wá. Fáìlì tí a so mọ́ ímeèlì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ó ti pa ara dà. Láti 1992 tí ìlànà tí wọ́n ń pè ní MIME ti dé, àwòrán tàbí ìwé tí a bá so mọ́ ímeèlì máa ń di ọ̀wọ́ álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà tó gùn jàǹrànjanran, tí kò ní ìtumọ̀ lójú ènìyàn, á sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ẹni tó gbà á ló ń tú u padà. Bí ilé ìkàwé bá gba ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà nìkan sílẹ̀, ìwé àdéhùn, àwòrán, àtẹ ìṣirò, gbogbo rẹ̀ ti bá omi lọ.

Irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ilé ìpamọ́ ń lò láti kó ímeèlì jọ ni mbox. Ó ti wà láti ayé Unix, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́, bó sì ṣe rọrùn tó ń yà mí lẹ́nu: fáìlì kan ṣoṣo, ímeèlì kan tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "From" àti àlàfo kan níbẹ̀rẹ̀ ìlà ló ń sọ pé òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i kà láìra ohunkóhun, ìyẹn sì ni ẹ̀wà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ lẹ́tà bá fi ọ̀rọ̀ yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀ ìlà ńkọ́? Kí ẹ̀rọ má baà ṣì í mú, yóò fi àmì > síwájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ">From" nínú ímeèlì àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò kọ àmì yẹn. Àpótí tí a kó lẹ́tà sí ló fọwọ́ kan lẹ́tà. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan má yí padà lọ́wọ́ òun, kì í ṣe ohun kékeré.

Outlook, sọ́fítíwíà ímeèlì ti Microsoft, ní irú fáìlì tirẹ̀, tó ń jẹ́ PST. Ọdún 2010 ni Microsoft tó tẹ àlàyé inú rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé, èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ kò sì lè gbà ju 2GB lọ. Bó bá kún dé ẹnu, ó lè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń tọ́jú fáìlì bó ṣe dé sí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà mìíràn sí mbox tàbí EML, níbi tí ímeèlì kọ̀ọ̀kan ti ń ní fáìlì tirẹ̀, kí wọ́n sì ṣírò nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n á mọ̀. Èyí tí kò tíì ní ojútùú gidi ni ọ̀rọ̀ línkì. Lóde òní, a kì í sábà so ìwé mọ́ ímeèlì mọ́. Línkì ibi tí ìwé wà là ń fi ránṣẹ́. Ímeèlì wà lọ́dọ̀ wa, ìwé wà lórí sáfà ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí línkì bá kú, "ẹ bá mi wo èyí" nìkan ló máa kù fún òpìtàn.

Iye wọn tún wà níbẹ̀. Ìjọba Bill Clinton fi ímeèlì bíi mílíọ̀nù 20 sílẹ̀. Ti George W. Bush lé ní mílíọ̀nù 200, nínú èyí tí mílíọ̀nù 22 ti kọ́kọ́ sọnù, tó jẹ́ pé ẹjọ́ ló tún mú kí wọ́n wá wọn rí, títí di òpin 2009. Ti Barack Obama tó bíi mílíọ̀nù 300. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, 250 ọjọ́ lọ́dún, ti Obama nìkan á gbà á ní 2,500 ọdún. Kò sí ilé ìpamọ́ tó lè fi ojú ènìyàn nìkan ṣe é.

Ìyẹn ló bí ìlànà tí NARA, ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 2013, tí wọ́n ń pè ní Capstone. Dípò kí òṣìṣẹ́ máa ṣa ímeèlì lọ́kọ̀ọ̀kan pé èyí á wà, èyí á lọ, ipò ẹni tó ni àkáǹtì ni wọ́n ń wò. Ti ọ̀gá àgbà á wà títí láé. Ti àwọn tó kù á wà fún ọdún méje, ti àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ á wà fún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n lè pa á rẹ́.

Mo gbà pé ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa tẹ èyí tó bá rò pé ó ṣe pàtàkì, kó sì fi sínú fáìlì. Ta ló ráyè ìyẹn láàárín iṣẹ́? Síbẹ̀, ara mi kò balẹ̀ sí i. Ọ̀gá àgbà mọ̀ pé ìtàn ń wo òun, ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀rọ̀ tó bá sì le, ojúkojú ló ń sọ ọ́. Ẹni tó ń kọ òótọ́ sílẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀: òṣìṣẹ́ tó kọ̀wé pé afárá yìí ti ń sán, pé owó yìí kò pé, pé àwọn èèyàn ti ń ráhùn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ti ẹni yẹn ló máa parẹ́. Bí ẹnì kan bá wá béèrè lọ́dún kẹwàá pé ṣé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ni, ohùn ọ̀gá nìkan ló máa dáhùn. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n máa fa díẹ̀ yọ láti inú àkáǹtì àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà, iṣẹ́ kan níbí, ọ́fíìsì kan lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ láìyẹsẹ̀.

Kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ní 2011, British Library ra àkójọ ìwé akéwì Wendy Cope ní £32,000, ímeèlì 40,000 sì bá a wọlé. Ní Manchester, ilé ìkàwé John Rylands ṣiṣẹ́ ní 2012 lórí ímeèlì ilé ìtẹ̀wé ewì tó ń jẹ́ Carcanet: ímeèlì bíi 215,000, pẹ̀lú fáìlì bíi 65,000 tí wọ́n so mọ́ wọn. Ẹni tó bá mọ bí ewì ṣe ń di ìwé mọ ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè ní nínú. Olóòtú á ní kí akéwì yọ ìlà kan, akéwì á kọ̀, wọ́n á fà á títí, ìlà náà á lọ, á tún padà wá kí ìwé tó jáde. Láyé àtijọ́, inú lẹ́tà ni irú àríyànjiyàn yẹn máa ń wà, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ewì ti máa ń rí i.

Ibi tó wúwo jù nínú iṣẹ́ yìí rèé. Ẹni méjì ló ni lẹ́tà: ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á. Bí akéwì bá kó àkáǹtì rẹ̀ fún ilé ìkàwé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló kó fún wọn. Àbúrò rẹ̀ tó kọ̀wé nípa àìsàn wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọkọ ń lù wà níbẹ̀. Dókítà, agbẹjọ́rò, ẹni tó wá tọrọ owó ní bòókẹ́lẹ́, gbogbo wọn wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ẹnikẹ́ni bi léèrè nínú wọn.

Ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ, ayé ti rí i. Lẹ́yìn tí jìbìtì mú kí Enron, ilé iṣẹ́ iná àti gáàsì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wó lulẹ̀ ní 2001, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti gáàsì ní Amẹ́ríkà gbé ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ bíi 150 síta ní 2003. Ẹ̀dà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò jù nínú rẹ̀ tó bí ìdajì mílíọ̀nù, wọ́n sì ti fi kọ́ ẹ̀rọ ní ohun púpọ̀, títí kan bí a ṣe ń dá ímeèlì pàǹtírí tí a kò béèrè fún (spam) mọ̀. Èrè wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún èèyàn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti wàhálà ilé àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa jìbìtì náà bá a jáde. Ní 2015, Jeb Bush náà kó ímeèlì tirẹ̀ láti ìgbà tó fi jẹ́ gómìnà Florida sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi hàn pé òun kò ní ohun tí òun ń fi pa mọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ará ìlú tó ti kọ̀wé sí i fún ìrànlọ́wọ́ ló bá a hàn sójútáyé. Wọ́n kọ̀wé sí gómìnà wọn, wọn ò kọ̀wé sí gbogbo ayé.

Sọ́fítíwíà kan tó ń ran àwọn ilé ìkàwé lọ́wọ́ lórí èyí ni ePADD, tí ilé ìkàwé Yunifásítì Stanford gbé jáde ní 2015, tí ẹnikẹ́ni sì lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ka inú mbox, ó ń fa orúkọ ènìyàn, ti ibi àti ti iléeṣẹ́ yọ, ó sì ń fi àkójọ ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ bá fún un wá ímeèlì tó jọ mọ́ ìlera, owó, tàbí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò. Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ni ímeèlì lè fúnra rẹ̀ lò ó kó tó fi ohunkóhun sílẹ̀. Ó lè sàmì sí èyí tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ òun, àti èyí tó di ọdún báyìí kí wọ́n tó ṣí i. Ní ti ẹni tó bá ń wá nǹkan láti òkèèrè, orúkọ tó wà nínú ímeèlì ni ePADD lè fi hàn án, á sì bo ọ̀rọ̀ tó kù. Bó bá fẹ́ ka gbogbo rẹ̀, á wá jókòó sí yàrá ìkàwé níbi tí òṣìṣẹ́ wà.

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ wọlé kíákíá, kí wọ́n sì ṣí i pẹ̀lú sùúrù. Bí ilé ìkàwé bá ti àkójọ kan pa fún ogójì ọdún, òpìtàn á bínú, àmọ́ ọjọ́ á pé. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ò ní gbà á títí àwọn á fi mọ bí àwọn ṣe máa yanjú ọ̀rọ̀ àṣírí inú rẹ̀, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣí.

Gbígbà á náà, àkókò ni à ń bá sáré. Ní 2004, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan kú ní Iraq. Bàbá rẹ̀ bẹ Yahoo pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ímeèlì ọmọ òun. Wọ́n ní àdéhùn tí ọmọ náà fọwọ́ sí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kí ilé ẹjọ́ kan ní Michigan tó pàṣẹ, tí wọ́n sì kó o fún wọn lórí CD. Ìdílé yẹn rí adájọ́ tó gbọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀ pé ẹjọ́ wà níbẹ̀ láti rò.

Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpamọ́ ṣe ń lọ bá èèyàn nígbà tó ṣì wà láyé báyìí. Wọ́n á béèrè iye àkáǹtì tó ní, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, àti èyí tó ti pa tì láti ọdún gbọọrọ. Kò pọn dandan kó fún wọn ní pásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń lo Gmail lè gba ẹ̀dà gbogbo ímeèlì rẹ̀ nínú mbox nípasẹ̀ Google Takeout, Outlook náà lè kó tirẹ̀ jáde sí PST. Ohun tí ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ ilé ìpamọ́ kankan rí náà lè ṣe ni. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ibi méjì tó jìnnà síra, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kó o jáde sí i lára, kí ẹ sì sọ ibi tó wà fún ẹnì kan nínú ilé.